Omi Ara Títílọlá

Ọjọ́ tí adìyẹ abo kọ bí àkùkọ ní ẹ̀yìnkùlé Màmá Rachael, oòrùn wà láàárín orí, atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Adìyẹ náà fò sórí ọlọ, ó na ọrùn, ó kọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń jẹ̀ kiri bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ kọ́ ni ohùn náà ti jáde. Gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́ ló mọ ohun tí à ń ṣe fún irú adìyẹ bẹ́ẹ̀: a ó pa á, a ó gbé e jù sí oríta, kí ibi tó gbé wá lè bá a lọ. Màmá pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń gbé e lọ, ó tẹ itan rẹ̀ wò, ó rí i pé ọ̀rá wà níbẹ̀. Ló bá yísẹ̀ padà, ó lọ gbé uṣu kaná. Ó ní òun ò tíì rí àmì burúkú tí kò ṣe é fi jẹ iyán.

Itan méjèèjì ló jẹ. Ó lá ọbẹ̀ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí àpótí tó jókòó lé fi ń ké lábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Títílọlá! Bu omi wá o, kí adìyẹ yìí má lọ kọ nínú mi!"

Títílọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, bu omi wá. Kọ́ọ̀pù náà kò dé ọwọ́ Màmá. Ó bọ́, omi dà sílẹ̀, ọmọbìnrin náà sì dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún gbogbo ọmọge àdúgbò, tí kì í fa irun ẹnikẹ́ni já, ó ń gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Màmá. Ó di àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó rí i. Òrùka kan yí dúdú ẹyinjú rẹ̀ ká, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bí idẹ tó ti ń dípẹtà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Dọ̀tun ṣe bẹ̀rẹ̀.

*

Fúnmiláyọ̀ ọmọ Màmá ló bí wọn: Dọ̀tun, Títílọlá, àti Gift tó bí gbẹ̀yìn. Ìyá wọn kò gbé Gift jó rárá tó fi kú. Oyèbámijí ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba tí wọ́n gbé kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ṣọ̀fọ̀ títí, ó sì fẹ́ tíṣà kan tó ń jẹ́ Comfort. Comfort kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán nínú ilé náà tí ọwọ́ Dọ̀tun fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àgbálùmọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀.

Màmá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni àjèjì nínú ilé náà. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ló kó Títílọlá àti Gift wá sí ilé tirẹ̀ nísàlẹ̀ òkè Olósùnta, ó sì sọ fún Comfort lójú gbogbo èèyàn pé, "Èyí tó o jẹ ti tó ọ."

Comfort bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù àwọn ọmọ náà. Ẹni tí kì í fèsì, ọ̀tá gidi nìyẹn lójú Màmá.

*

Epo bẹntiróòlù kò sí nígboro, nítorí náà ọ̀kadà ni Màmá fẹ́ gùn lọ sí Emùré. Ọlọ́kadà wo ìdí rẹ̀, ó wo táyà ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin nìkan ni?"

"Èmi àti ìdí mi ni. Ìwọ lọ jókòó sórí táńkì."

Ògúnṣọlá, tó ń rọ bàbà àti idẹ, tó sì tún ń ṣe oògùn, ni Màmá lọ bá. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní fèrèsé. Ẹwìrì tó fi ń fẹ́ iná ń mí ní kọ̀rọ̀ kan, ó ń mí sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, tàbí kó jẹ́ etí Màmá ló ń gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gba ìborùn Títílọlá tí Màmá mú wá, ó gbé e sí imú, ó sì yára jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Ọmọ yìí ti ń lọ," ó ní.

"Kò ní lọ! Ta ló ń fà á?"

"Obìnrin ni. Ó sún mọ́ ọn."

"Comfort!"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Màmá." Ó mú ẹ̀gbà bàbà kan láti inú eérú, ó nù ún mọ́ itan. "Ẹ rẹ èyí sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Kó máa mu omi rẹ̀ ní òwúrọ̀, kó tó jẹun. Bí omi náà bá di àwọ̀ ewé, agbára rẹ̀ ti jáde nìyẹn. Ẹ ri èyí náà mọ́ ẹnu ọ̀nà." Ó fún un ní nǹkan dúdú kan tí a fi òwú dì. "Wọ́n á wá gba nǹkan lára rẹ̀. Kì í ṣe irun o, kì í ṣe èékánná. Èyí tí kò lè ṣàì tú jáde lára ni wọ́n máa bèèrè. Ọwọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀mí ọmọ náà ló tẹ̀."

Ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń padà, Màmá kò bá ọlọ́kadà ṣàwàdà kankan.

*

Kò pẹ́ sígbà náà tí Oyèbámijí fi ipá wá gbé Títílọlá, òun àti Comfort gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ìdè funfun kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Kò ní kókó. Kò ní ẹnu. Wọ́n kọ nǹkan sí i lára, kò sì ṣe é bọ́. Màmá fi abẹ gé e, ó sọ ọ́ síná. Kò jó bí aṣọ. Ó yọ́, ó ń ká ara rẹ̀ jọ bí ìdin, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé.

"Wọ́n tan iná sí mi lójú, Màmá," Títílọlá ní. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo. "Dókítà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, gbogbo wọn ń wo òrùka náà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni."

Lọ́jọ́ kejì ni Comfort dé, ó wé nǹkan sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Ulé ò tíì wó. Kí lo gbé wá?"

Comfort tú láílọ́ọ̀nù náà. Kẹ́ẹ̀gì funfun kan ni, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò jọ ohun tí èèyàn ń lò.

"Ìtọ̀ Títí ni dókítà fẹ́ wò. Gbogbo rẹ̀, Màmá, láti àárọ̀ ọ̀la di àárọ̀ ọ̀tunla. Èyí tó bá kọ́kọ́ tọ̀, kó dà á nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ ṣòfò. Irin kankan ò gbọdọ̀ kàn án, ì báà ṣe ṣíbí. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ gbé e sí."

Màmá sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ kẹ́ẹ̀gì náà. Láti kékeré rẹ̀, oògùn nìkan ló gbọ́ tí wọ́n ń ka irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ lé lórí. Ta ni dókítà tó ń bẹ̀rù irin?

"Àrùn wo ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀?"

"Wọ́n ń pè é ní—"

"Pa ẹnu dé! Kì í ṣe nínú ulé mi! Àrùn tí a bá pe orúkọ rẹ̀, a ti gbé àga fún un nìyẹn."

Comfort gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tó ń jáde, Màmá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ibi tí nǹkan dúdú Ògúnṣọlá wà lábẹ́ ulẹ̀. Kò kọsẹ̀. Ó dá a kọjá bí ẹni dá igi ìdáná kọjá, ó sì yíjú padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ dáadáa." Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ojú wọn a máa pọ́n, Màmá sọ nínú ara rẹ̀. Ó sì ti mọ ohun tó máa ṣe.

*

Bí òun bá kọ̀, Oyèbámijí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ pátápátá. Ọ̀tá tó bá wá tí kò rí nǹkan mú, yóò tún padà wá. Ó dára kí a fún un ní ohun mìíràn gé jẹ.

Ní gbogbo ọjọ́ náà, bí Títílọlá bá ti tọ̀ sínú póò ọ̀rá, Màmá á gbé e, á dà á sí ìdí igi ìyeyè, á fi eérú bò ó. Lẹ́yìn náà á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí àárín ẹsẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu kẹ́ẹ̀gì kékeré, ìdí Màmá Rachael ńlá! Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké gbàjà. Ó fi àrọ tó fi ń rọ epo sí i lẹ́nu, àrọ yí. Ó di àrọ mú lọ́wọ́ kan, ó di bẹ́ẹ̀dì mú lọ́wọ́ kejì, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bí mo bá ṣubú níbí, tí wọ́n bá ilẹ̀kùn wọlé, ibo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà?" Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n títí ó fi tọ̀ sí ọwọ́. Ó mu omi lóríṣiríṣi kí ó lè kún.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìdérí dé e, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán èèyàn níṣẹ́.

"Bí wọ́n bá gbé ọ sínú odó, èmi ni kí wọ́n gún. Bí wọ́n bá rì ọ́ mọ́lẹ̀, èmi ni kí ilẹ̀ gbé. Mo ti jẹ iyán tó. Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún mi."

Àárọ̀ ọ̀tunla, Comfort gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó wọn bó ṣe wúwo tó, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó pọ̀ o, Màmá! Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín."

*

Kẹ́ẹ̀gì náà lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ tó lè yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò wà. Èsì kò tètè dé. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, orí Olósùnta pòórá nínú kùrukùru.

Màmá ń dúró de ikú tirẹ̀. Bó bá jí, á fọwọ́ kan àyà, á ní, "Háà, ó kù díẹ̀." Ara rẹ̀ le koko. Títílọlá ló ń lọ.

Láràárọ̀ ni Màmá ń gbé igbá omi ẹ̀gbà sí i lẹ́nu. Omi náà ti di àwọ̀ ewé, àwọ̀ tó rẹwà, bí omi inú àwòrán. Màmá ń yọ̀ sí i.

"Ó ń ta mí lẹ́nu bí kọ́bọ̀," Títílọlá ní. Ó ń gba àkókò kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Agbára rẹ̀ ni. Mu ún tán, ọkọ mi."

"Màmá... mi ò lè di irun Gift mọ́."

"Wàá dì í."

"Ṣé àwọn ọmọ ìjọ yín ṣì ń wá?"

Màmá fi ipá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ọmọ náà ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé níbikíbi tí ìyá àgbà wọn bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, èèrà á tò lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ ìsìn. Ìjọ Màmá Rachael ni wọ́n ń pè wọ́n. Màmá náà a máa wàásù fún wọn nígbà mìíràn.

"Wọ́n wà. Kò sí ẹni tó pa ìsìn jẹ."

Títílọlá rẹ́rìn-ín, itọ́ sì dà láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Màmá nù ún. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

*

Ọ̀sán gangan ni Comfort wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe òun, Màmá. Ohun tí wọ́n rò kọ́ ni. Wọn ò bá a nínú ìtọ̀ náà." Ó ń fi ìborùn nu ojú. "Ṣúgà ni wọ́n bá. Ṣúgà rẹpẹtẹ. Dókítà ní òun ò lóye rẹ̀, torí ṣúgà ò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ ẹ́ wò. Wọn ò mọ oògùn tí wọ́n máa fún un báyìí."

Màmá wo ojú fèrèsé. Lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ògiri, èèrà tò gbọọrọ, wọ́n ń lọ sí ibi tó lọ lówùúrọ̀. Ìjọ rẹ̀.

"Kí ni... kí ni wọ́n rò pé ó jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ní kí n má dárúkọ rẹ̀."

"Dárúkọ rẹ̀!"

"Bàbà ni, Màmá. Bàbà tí a fi ń ṣe òrùka. Ó wà díẹ̀díẹ̀ nínú oúnjẹ tí gbogbo wa ń jẹ, ara wa a máa tì í jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá lè tì í jáde, á máa jọ sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, á gun ọpọlọ lọ, á sì yí ẹyinjú ká. Ìyẹn ni òrùka yẹn. Dókítà ní bó bá jẹ́ òun ni, oògùn wà, á máa bá ìtọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun. Ẹ gbọ́, mo ń gbàdúrà fún àrùn! Torí èyí ló ní oògùn."

Igbá wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbà náà wà nínú rẹ̀. Ibi tó ti tinrin lára hàn kedere, bí ibi tí eku jẹ.

Obìnrin ni, ó sún mọ́ ọn. Ògúnṣọlá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Màmá ló dárúkọ.

"Comfort," ó ní. Kò tíì pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ rí. "Ìtọ̀ mi ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Èmi ni mo tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ti Títí wà nídìí ìyeyè. Mo rò pé o fẹ́... Mo ní kó jẹ́ èmi ni kó o pa."

Ìbá ṣe pé Comfort bú u, ìbá dùn mọ́ ọn. Ìbá ṣe pé ó gbá a létí. Dípò bẹ́ẹ̀, Comfort gbé igbá omi àwọ̀ ewé náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rí ẹ̀gbà nísàlẹ̀, ó sì ké, igbe kékeré kan bí ti ọmọ ẹyẹ.

Ó dìde. "Kẹ́ẹ̀gì kan ṣì wà nílé. Mò ń bọ̀. Kó má tọ̀ kí n tó dé."

*

Kò tọ̀ kí ó tó dé. Kò tọ̀ nígbà tó dé.

Gbogbo ọ̀sán yẹn ni wọ́n jókòó tì í, obìnrin méjèèjì, póò wà láàárín wọn. Oyèbámijí ń wá mọ́tò tó ní epo káàkiri ìlú. Ikùn Títílọlá ti wú, awọ rẹ̀ ń dán. Wọ́n fún un lómi. Wọ́n fi omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Ìtọ̀ tí Màmá ti dà nù tó igbá kún, tó fi eérú bò bí ohun ẹ̀gbin, ó ń wá ẹ̀kán rẹ̀ báyìí, kò rí.

Comfort gbé ọmọ náà sókè ní abíyá, Màmá gbé e lórí póò. Ó gbé ẹnu sí i létí, bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ṣììì. Ṣììì, ọkọ mi. Ṣììì."

Ọmọ tó tó lọ sílé ọkọ. Ọmọge tó ń dirun fún àwọn ìyàwó.

"Ṣììì. Tọ̀ fún màmá ẹ. Ṣììì."

Orí Títílọlá wà léjìká rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ̀kán díẹ̀ bọ́, ó dúdú bí omi èèpo igi. Comfort rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì láìmí. Kò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Oyèbámijí fi rí mọ́tò, tí ó ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ṣì ń ṣe ṣììì. Comfort ló fọwọ́ kàn án.

"Màmá. Ó tó."

"Jẹ́ kó tọ̀."

"Màmá, ó ti lọ."

*

Wọ́n sin ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dọ̀tun. Màmá gbé ẹ̀gbà náà padà lọ sí Emùré, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà Ògúnṣọlá, kò wọlé. Ẹwìrì ń mí nínú lọ́hùn-ún. Ó hú nǹkan dúdú tó rì mọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ náà: kìkì òwú ni ó kù, kòkòrò ti jẹ ìyókù.

Comfort tún dé lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ó dúró lẹ́yìn òpó, kò kúnlẹ̀, kò wọlé.

"Dókítà ní Gift náà gbọ́dọ̀ tọ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn. Bó bá wà lára tirẹ̀, kò tíì jọ, oògùn á kápá rẹ̀."

Gift ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, irun rẹ̀ rí jágajàga. Kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í.

"Mú un lọ sílé yín," Màmá ní. Kò gbójú sókè. "Má fi í síbí. Mú un lọ."

Comfort wọlé, ó dá ẹnu ọ̀nà kọjá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí ọwọ́ Màmá, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ìka Màmá dé mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ bá mi ṣọ́ ọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò gbóná, kò sì tutù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n da àkọ́kọ́ nù. Nígbà tó tó àkókò èkejì, Màmá gbé póò sílẹ̀, ó gbé àrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró tì í bí ọlọ́dẹ.

"Màmá, ẹ kọjú sẹ́yìn."

"Kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò tíì fi omi gbígbóná wẹ̀?"

"Màmá!"

Màmá kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ bí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sórí póò. Nǹkan kò jáde. Ó la ẹnu láti ṣe ṣììì fún un, bó ti ṣe fún gbogbo wọn. Ó pa ẹnu náà dé láìṣe é.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú, ó ń dúró, títí tó fi gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ̀ ọmọ, tó ń lu póò ṣooro.